Ojú Ẹ̀mí àti Ìgbàgbọ́ Láìrí

Ní Bàdágírì, ẹni tí ó bá dé ibi tí igi Agia wà rí kò ní bá igi náà níbẹ̀ mọ́, nítorí ó ti wó ní 1959. Ohun ìrántí ni wọ́n fi síbẹ̀, láti sọ fún àlejò pé abẹ́ igi yẹn ni a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ní 1842. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà kò fojú kan igi yìí rí, síbẹ̀ wọn kì í jiyàn pé ó wà, torí pé àwọn tí ó rí i sọ fún ọmọ, ọmọ sì sọ fún ọmọ-ọmọ. Bí ìgbàgbọ́ Kristẹni ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn náà nìyẹn.

Èdè Yorùbá ti là á sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbà àti gbọ́ ni ó parapọ̀ di gbàgbọ́: ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó sì gbà á, ni onígbàgbọ́. Èyí bá ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù mu rẹ́gí, pé inú gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ láìrí kì í ṣe kí ènìyàn di ojú rẹ̀, kí ó sì máa ro ohun tí ó wù ú. Ẹ̀rí ni ó gbà, ìwà ẹni tí ó jẹ́rìí náà ni ó sì gbára lé.

Lẹ́yìn gbígbà ni ìgbésẹ̀ kàn, bí Ábúráhámù ṣe jáde lọ láìmọ ibi tí ó ń lọ. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo ọ̀sà Bàdágírì, èrò tí ó fẹ́ sọdá sí erékùṣù Gberefu kì í rí ju imú ọkọ̀ àti omi díẹ̀ tí ó yí i ká. Bí ọkọ̀ bá ti rìn síwájú, àwọn igi àgbọn òdìkejì á kọ́kọ́ hàn bí èéfín, wọn á wá máa hàn sí i. Ẹni tí ó ní òun kò ní wọkọ̀ àfi bí òun bá rí èbúté kejì, etí omi ni yóò wà.

Díẹ̀díẹ̀ náà ni ojú ẹ̀mí sábà máa ń là. Nígbà tí Jésù gbé ọwọ́ lé afọ́jú ará Bẹtisáídà, ènìyàn ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí bí igi tí ń rìn. Ìgbà tí Jésù tún gbé ọwọ́ lé e ni ó tó ríran kedere. A máa ń yára kọjá níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kàwé, bẹ́ẹ̀ ìtùnú ńlá ni fún ẹni tí òye rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn, nítorí ojú tí ń rí bàìbàì ti kúrò ní ojú afọ́jú.

Ní Dótánì, tí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun Síríà yí ìlú ká, ìránṣẹ́ Èlíṣà figbe ta. Wòlíì náà kò gbàdúrà pé kí ogun ọ̀run wá, torí wọ́n ti wà lórí òkè. Ó gbàdúrà pé kí ojú ọmọ náà là. Ojú ẹ̀mí kì í dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Ohun tí ó ti wà ni ó ń fi hàn. Àwọn ará Síríà kò sì pòórá: ọmọ náà rí ogun méjèèjì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ojú ẹ̀mí sí ìran rírí nìkan. Òótọ́ ni pé ìran wà nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ni Pọ́ọ̀lù ń gbàdúrà fún nínú ìwé Éfésù, pé kí ojú ọkàn wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìrètí tí a pè wọ́n sí. Ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Agbálátà, tí kò rí ìran kan rí, tí ó pe oníbàárà padà nítorí owó tí ó san lé, torí ó mọ̀ pé Ọlọ́run tí òun kò rí ń rí òun, ojú ẹ̀mí rẹ̀ ti là. Ẹni tí ó bá sì ní òun ríran, Jòhánù ní kí a dán ẹ̀mí náà wò ná.

Tọ́másì, ọmọ ẹ̀yìn Jésù, kò gba ẹ̀rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Jésù ti jíǹde, ó ní àfi kí òun fi ìka kan ojú àpá ìṣó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Jésù kò lé e. Ó na ọwọ́ náà sí i, ó sì súre fún àwọn tí kò rí, síbẹ̀ tí wọ́n gbàgbọ́. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí ó dé Bàdágírì ní 1842, wà lára àwọn tí ìre náà kàn: kò rí àpá ìṣó kankan, ohun tí òun náà gbọ́, tí ó sì gbà, ni ó gbé kọjá òkun wá.