Sísọ kámẹ́rà dígítà di òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀

Kámẹ́rà dígítà tí àwọn onífótò ń lò ṣeé fi wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, bí a bá kọ́kọ́ yọ àṣìṣe tó ti ara kámẹ́rà wá, tí a sì fi àwọn ìràwọ̀ tí ìwọ̀n wọn ti dájú ṣe àfiwé. Lẹ́ńsì 50 mm, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé àti kọ̀ǹpútà ti tó. Kò di dandan kí ènìyàn ní awò-awọ̀nàjíjìn. Nígbà tí ohun ṣíṣú kan bo ìràwọ̀ Epsilon Aurigae láti 2009 sí 2011, àwọn kan fi irú kámẹ́rà yìí wọ̀n ọ́n fún AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1911.

Òṣùwọ̀n náà

Norman Pogson, onímọ̀ ìràwọ̀, ló dábàá òṣùwọ̀n tí a ń lò ní 1856; ìpele ni a ń fi kà á. Ìyàtọ̀ ìpele márùn-ún jẹ́ ìlọ́po 100 nínú ìmọ́lẹ̀, ti ìpele kan sì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2.512. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó.

Iṣẹ́ inú kámẹ́rà

Fáìlì RAW, èyí tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, nìkan ló wúlò. JPEG, irú fáìlì àwòrán tó wọ́pọ̀, ti yí iye ìmọ́lẹ̀ padà kí àwòrán lè dùn ún wò, ó sì dín in kù sí oríṣi iye 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí RAW oní-14 bit ní 16,384. Lórí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ni asẹ́ àwọ̀ tí Bryce Bayer ti Kodak gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1976 wà: ìdajì píkísẹ́ẹ̀lì (àwọn ojú kéékèèké tó para pọ̀ di sẹ́ńsọ̀) ń gba àwọ̀ ewé, ìyókù pín sí pupa àti búlúù. Àwọ̀ ewé ló sún mọ́ V, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń kọ sílẹ̀ jù, nítorí náà òun ni a ń yà sọ́tọ̀.

A máa ń jẹ́ kí ìràwọ̀ ṣe bàìbàì díẹ̀ nínú lẹ́ńsì, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn dé orí ọ̀pọ̀ píkísẹ́ẹ̀lì, kí èyíkéyìí má sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí píkísẹ́ẹ̀lì bá fẹ̀ tó 4.3 µm, lẹ́ńsì 50 mm yóò jẹ́ kí ìràwọ̀ ìtòsí ìlà agbedeméjì ọ̀run sún ní nǹkan bí píkísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ó sàn kí a ya àwòrán kúkúrú púpọ̀, kí a wá pa wọ́n pọ̀.

Àwòrán òfìfo ni a ń yà pẹ̀lú ìdérí lẹ́ńsì, ní àkókò tó kúrú jù tí kámẹ́rà gbà. Ó ń fi iye tí kámẹ́rà ń kọ sílẹ̀ láìsí ìmọ́lẹ̀ hàn, bí ìgbà tí a wọn igbá lásán kí a tó bu ẹ̀wà sí i. Àwòrán òkùnkùn náà ní ìdérí, ṣùgbọ́n àkókò àti ISO rẹ̀ (iye tí kámẹ́rà ń fi gbé àmì ìmọ́lẹ̀ ga) gbọ́dọ̀ bá ti àwòrán ìràwọ̀ mu. Ooru ló ń bí ariwo, ìyẹn àmì èké tí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí gbogbo 6 sí 8°C. Ní Ìbàdàn, níbi tí ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ ti lè gbóná kí ìdájí sì tutù, èyí tí a yà ní àṣálẹ́ kò bá ti ìdájí mu.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò, tó sì ń ba ìwọ̀n jẹ́ jù, ni àwòrán ojú tó tẹ́jú, tí a fi ń ṣe àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ tí kò dọ́gba káàkiri àwòrán. Lẹ́ńsì máa ń ṣókùnkùn sí igun, eruku orí sẹ́ńsọ̀ sì máa ń fi òjìji róbótó sílẹ̀. Ẹ na aṣọ funfun tó nípọn dọ́gba bo lẹ́ńsì, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́ ní kété tí oòrùn bá wọ̀, láìyí ìfojúsí lẹ́ńsì padà. Oòrùn wọ̀ ní òòró lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ sì ń ṣú kíákíá, nítorí náà kí ohun gbogbo ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Nígbà ọyẹ́, eruku tuntun lè wọlé bí a bá pààrọ̀ lẹ́ńsì. A gbọ́dọ̀ tún àwòrán yìí yà.

Ojú ọ̀run Ìbàdàn

Ìlú náà wà ní nǹkan bí dìgírì 7.4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìràwọ̀ Betelgeuse náà wà ní dìgírì 7.4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ọ̀run, àtàrí ará Ìbàdàn gan-an ló sì ń gbà kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ jù. Àǹfààní ńlá lèyí jẹ́, nítorí ìràwọ̀ yìí ló ṣókùnkùn láti nǹkan bí ìpele 0.5 sí 1.6 láàárín ìparí 2019 àti oṣù kejì 2020. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń bọ́ sí àtàrí lálẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ni eruku Sàhárà ń dé. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ ń gba nǹkan bí 0.2 ìpele lórí V ní àtàrí. Eruku ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye náà sì lè yí padà láàárín òru kan. Ní dìgírì 30 sókè láti ilẹ̀, ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà di ìlọ́po méjì ti àtàrí.

Eta Aquilae, ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ láti ìpele 3.5 sí 4.4 tó sì ń padà ní nǹkan bí ọjọ́ 7.18, ń ga lójú ọ̀run nígbà òjò. Ó ṣì ṣeé rí nírọ̀lẹ́ oṣù kọkànlá. Ibi tí iná títì kò pọ̀, bí abúlé ìhà Ìdó tàbí Akínyẹlé, dára ju àárín ìgboro lọ.

Àtúnṣe àwọ̀

Àwọ̀ ewé kámẹ́rà kì í ṣe V gan-an. A ń ya ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí a mọ V àti B−V wọn (ìyàtọ̀ láàárín ìpele wọn nínú búlúù àti nínú V, tó ń fi àwọ̀ wọn hàn), a ó wo bí ìyàtọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé àwọ̀, a ó sì mú iye ìtẹ̀sí náà ṣe àtúnṣe. B−V Betelgeuse jẹ́ nǹkan bí 1.85, ti Bellatrix, ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù, sì jẹ́ −0.22. Bí iye ìtẹ̀sí bá jẹ́ 0.1, ẹni tó fi Bellatrix wọn Betelgeuse láìṣe àtúnṣe ti ṣìnà ní nǹkan bí 0.2. Aldebaran, tó pupa díẹ̀, bá a mu jù ní àwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń yí padà díẹ̀. A tún ń wọn ìràwọ̀ mìíràn tí a mọ ìpele rẹ̀ láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Bí ìwọ̀n tirẹ̀ bá yẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi èyí tí a rí ránṣẹ́.