Bí a ṣe ń fi ìmọ̀ nípa odò tún odò ṣe: àpẹẹrẹ Ògùnpa

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbẹ́ ojú odò náà fẹ̀, tí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa èèyàn tó lé ní 100 nílùú náà.

Inú ilẹ̀ tó yí odò ká ni àwọn onímọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Bí òjò bá bọ́ sí téńté òrùlé, apá kan á ṣàn síwájú ilé, apá kejì á ṣàn sẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí òkè ṣe ń pín omi fún odò. Wọn á tọpasẹ̀ àwọn orí òkè wọ̀nyí títí wọn yóò fi mọ gbogbo ilẹ̀ tí àgbàrá rẹ̀ ń wọ inú odò kan.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Wọn á ri pátákó onílà mọ́ etí odò láti máa ka gíga omi, wọn á sì gbé ohun tí a fi ń wọn òjò sí apá òkè. Ní ti bí omi ṣe ń yára sí, ọsàn kan tí a jù sínú odò, tí a sì ka àkókò tó fi rìn, tó fún iṣẹ́ náà, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń wà lábẹ́ omi, atẹ́gùn kò sì ráyè tì í. Bí odò kan bá fẹ̀ ní mítà 4, tó jìn ní ìdajì mítà, tí ọsàn náà sì rin mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25, omi tó ń kọjá yóò tó lítà 1,360 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ díẹ̀ kúrò, torí omi ojú a máa yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Bí àkọsílẹ̀ òjò àti ti odò bá ti pé ọdún mélòó kan, wọn á gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tí igbó wà, ilẹ̀ máa ń mu lára òjò, odò a sì kún díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ páánù àti ọ̀dà títì ni, gbogbo omi á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Pàǹtírí ni a sábà máa ń dá lẹ́bi, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà níbẹ̀, pàápàá lábẹ́ afárá tóóró. Ṣùgbọ́n odò tí kò ní pàǹtírí rárá yóò kún bí òkè rẹ̀ bá ti di ilé tán. Kọnkéré á tún lé omi náà sáré lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Nítorí náà ni àtúnṣe fi ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè: kí a gbẹ́ kòtò tí yóò dá omi dúró, kí a dá igi padà sí bèbè, kí a sì fi àyè sílẹ̀ létí odò láìkọ́lé sí i. Pátákó onílà náà á wà níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí irú òjò kan náà bá ṣì ń gbé omi dé ojú ilà àtijọ́, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ó yẹ kí a ti ṣiṣẹ́.