Àmù iná ni, kì í ṣe apamọ́ná

Game Gear kan wà lórí tábìlì mi ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, báyìí, géèmù ọwọ́ tí Sega kọ́kọ́ tà ní Japan lọ́dún 1990. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré mẹ́fà ló ń jẹ. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́. Gbogbo atúnrédíòṣe ló mọ ohun tó kú nínú rẹ̀: kapásítọ̀, nǹkan kékeré tó ń gba iná dúró fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀ bí a bá ṣe nílò rẹ̀. Orúkọ kapásítọ̀ yìí lédè wa ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí.

"Apamọ́ná" tí àwọn kan ń kọ káàkiri ń bí mi nínú. Ṣé bátìrì kì í pa iná mọ́ ni? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ, bátìrì ló máa lọ pààrọ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹlòmíràn ní "kànga iná". Rárá o! Kànga ní ìsun tirẹ̀; nǹkan yìí kò ní, ohun tí a bá dà sí i ló ní. Kọ́ńdẹ́ńsà tí àwọn àgbà ń pè é, àti kapásítọ̀ tí àwọn atúnfáànùṣe ń pè é, n kò bá wọn jà, ẹnu iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù.

Àmù ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń pọnmi lè gbé garawa mẹ́ta dé láàárọ̀, kó má tún yọjú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń bu omi mu kò ní mọ̀ ọ́n lára, torí pé àmù wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan yìí ṣe ń gba iná dúró, kí èyí tó ń jáde má baà máa ṣe ségesège. Bí àmù bá wá sán, omi kò ní dúró mọ́, ilẹ̀ yàrá á sì máa rin títí á fi bàjẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn nínú Game Gear: omi kẹ́míkà inú àmù iná ń jò sórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tí wọ́n to àwọn nǹkan inú rẹ̀ sí, ó ń jẹ ọ̀nà bàbà tí iná ń gbà. Orúkọ wo nínú àwọn yòókù ló lè gbé ìyẹn?

Wọ́n ní ọmọ òde òní kò mọ àmù. Ìpetumodù kò jìnnà sí Ifẹ̀, ìlú amọ̀kòkò ni. Ẹ mú wọn lọ wò ó.

Torí pé omi kẹ́míkà yẹn ń jò, pípààrọ̀ àmù iná nìkan kò tó. Ẹ fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ibi tó ti jò kí lẹ́ẹ̀dì tuntun, ìyẹn òjé tí a ń yọ́ láti fi lẹ àmù mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, tó kàn án. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ má fi ti ohùn sílẹ̀, kékeré ni, òun ló sì máa ń jò jù nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi. Fáráàdì àmù tuntun, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, ní láti bá ti àtijọ́ mu. Fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn agbára iná tó lè fara dà, lè ga ju ti tẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀. Lórí àwọn alágolo alumíníọ́ọ̀mù, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kùn dúdú ni négátíìfù. Ẹ má fi négátíìfù síbi pósítíìfù; ẹ má dojú àmù dé.