Bí yunifásítì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ bá àwọn ọmọ níta

Láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ń gba odidi yàrá, tó o bá fẹ́ lò ó wàá lu iṣẹ́ ẹ sára káàdì, wàá gbé e fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, wàá wá lọ jókòó máa retí èsì. Ta ló fẹ́ jẹ́ kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì súnmọ́ irú ẹ̀? John Kemeny àti Thomas Kurtz, olùkọ́ ní yunifásítì Dartmouth, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ló ṣílẹ̀kùn yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1964 ni BASIC, èdè tí wọ́n fi ń kọ pùrógíráàmù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n dìídì ṣe é kó rọrùn fún ẹni tí ò ka sáyẹ́ǹsì, nígbà tó yá wọ́n tún gba orí wáyà tẹlifóònù so àwọn sẹ́kọ́ńdìrì mọ́ kọ̀ǹpútà Dartmouth. Àmọ́ o, Dartmouth ò tíì gba ọmọbìnrin wọlé nígbà yẹn, ó di 1972, torí náà ìdajì ilẹ̀kùn ni mo máa ní wọ́n ṣí.

Lẹ́yìn náà ni Logo, èdè pùrógíráàmù míì, dé ní 1967, tàwọn ọmọdé gan-an. Ní 1993 ni Computer Clubhouse bẹ̀rẹ̀ ní Boston, yunifásítì MIT wà nídìí ẹ̀, ibi tí ọmọ tí ò ní kọ̀ǹpútà nílé lè wá lẹ́yìn iléèwé.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Tim Bell, olùkọ́ yunifásítì ní Canterbury, New Zealand. Wọ́n pè é kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún kíláàsì ọmọ ẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké, kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Òun, Mike Fellows àti Ian Witten wá kó àwọn eré tí ò nílò kọ̀ǹpútà rárá jọ, CS Unplugged nìyẹn. Ọmọ márùn-ún á tò síwájú, káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, àmì 16, 8, 4, 2 àti 1 ló wà lára ẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe 13, ọmọ tó mú 16 àti ẹni tó mú 2 á dojú káàdì tiwọn délẹ̀, àwọn tó kù á gbé e sókè, 8 àti 4 àti 1, ó pé! Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nǹkan gan-an nìyẹn, iná ọba ò sì sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Ní Carnegie Mellon, yunifásítì míì ní Amẹ́ríkà, nínú 100 tó wọlé kọ́ kọ̀ǹpútà ní 1995, obìnrin ò ju 7 lọ. Àwọn olùwádìí méjì, Jane Margolis àti Allan Fisher, jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Yunifásítì ò wá ka pé èèyàn ti mọ pùrógíráàmù kọ tẹ́lẹ̀ sí bàbàrà mọ́ tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé, wọ́n sì ń kó àwọn tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì jọ nígbà ọlidé láti kọ́ wọn, torí lẹ́kíṣọ̀ lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tíṣà ló ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di 2000, 7 yẹn ti di 42.