Ẹ̀rún, àyè àti ìwúwo: ìdí tí òkúta fi ń rì tí yìnyín fi ń léfòó

Kóńgò gàrí méjì lè kún dọ́gba lọ́jà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ọ̀kan sì wúwo ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá rọra da gàrí sínú kóńgò, afẹ́fẹ́ á jókòó sáàárín hóró rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá kóńgò náà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gàrí á sún kì sísàlẹ̀, àyè á ṣí sílẹ̀ lókè, wọ́n á sì tún bù sí i. Kóńgò kò tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iye hóró tó wà nínú àyè kan náà ló pọ̀ sí i. Ohun tí dẹ́ńsítì ń wọ̀n nìyẹn: gíráàmù mélòó ló wà nínú cm³ kan, ìyẹn àyè tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Ìwúwo tí à ń wí yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní máàsì nínú físíìsì, tí wọ́n ń fi gíráàmù tàbí kílò kà. Kì í ṣe agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á.

Gbogbo ohun tó ní ìwúwo tó sì ń gba àyè, láti àpáta Olúmọ dé omi odò Ògùn, dé èéfín mọ́tò ní Láfẹ́ńwá, ẹ̀rún tín-tìn-tín ló para pọ̀ di wọ́n. Omi gíráàmù 18, tó fi díẹ̀ ju ṣíbí ọbẹ̀ kan lọ, ní mólíkù (orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀rún omi) 6.02 × 10²³ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ tán lórí ìwé, á kọ 602, á wá to òdo 21 tẹ̀lé e.

Àwọn ẹ̀rún yìí kì í sinmi. Nínú ohun líle bí òkúta àti irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ipò tirẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n lójú kan ni, bí èrò inú ọkọ̀ tó kún dẹ́nu tí wọ́n lè mira ṣùgbọ́n tí wọn ò lè pààrọ̀ ìjókòó. Nínú ohun olómi, wọ́n ṣì fara kanra, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí èrò ṣe ń há ara wọn kọjá lọ́jà Ìtòkú. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń gba ìrísí ohun tí wọ́n bá bù ú sí. Nínú gáàsì, wọ́n ti jìnnà síra, wọ́n sì ń sáré káàkiri. Mólíkù afẹ́fẹ́ inú yàrá ń sá tó nǹkan bí mítà 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń kọlu èkejì, ó ń kọlu ògiri. Ìkọlù yẹn, lọ́nà àìlóǹkà, ló ń mú táyà mọ́tò le.

A lè rí ipa wọn. Ní 1827, Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, fi awò amúǹkantóbi wo àwọn ègé kéékèèké tó ti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó jáde sínú omi, ó sì rí i pé wọn ò yé ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Ní 1905, Albert Einstein, onímọ̀ físíìsì, fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ pé mólíkù omi ló ń gbá wọn kiri. Jean Perrin, onímọ̀ físíìsì mìíràn, ló wá fi ìwọ̀n tó ṣe nínú yàrá ìwádìí ti ìṣirò náà lẹ́yìn.

Níbi àwòrán ẹ̀rún ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. Wọ́n á ya ti ohun líle mọ́ra, wọ́n á ya ti gáàsì jìnnà, wọ́n á wá ya ti omi sí agbede méjì, bí ẹni pé ó tọ́ kí omi wà láàárín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rún omi sún mọ́ra fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ohun líle, ìtò wọn ló kàn dàrú. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ á jẹ́rìí sí i. Ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, ẹ wá tì í: á wọlé dáadáa. Ẹ fa omi sí i, ẹ tún tì í: kò ní gbà, torí kò sí àyè tí wọ́n fẹ́ sún sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí omi 1 cm³ bá hó tán tó di gáàsì ní 100°C, á gba àyè tó nǹkan bí 1,700 cm³.

Àṣìṣe kejì burú jù ú lọ: kí wọ́n máa sọ pé afẹ́fẹ́ ló wà láàárín ẹ̀rún omi. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀rún ni. Òfìfo ló wà láàárín ẹ̀rún, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. (Ibí yìí ni àpẹẹrẹ gàrí kò ti bá a mu mọ́, torí pé afẹ́fẹ́ wà láàárín hóró gàrí ní tòótọ́.) Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tó gbóná tó sì gùn sí i: ẹ̀rún rẹ̀ kò wú. Gbígbọ̀n wọn ló pọ̀ sí i, wọ́n sì ti ara wọn jìnnà díẹ̀.

Ìsápá tí wọ́n fi ń ṣe sóbò dára láti fi wo ìrìn ẹ̀rún. Ẹ bu omi tútù sínú ife kan, omi gbígbóná sínú èkejì, kí ẹ ju bíi márùn-ún sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìrò ó. Pupa á tàn ká omi gbígbóná kíákíá, ti omi tútù á dúró pẹ́ nísàlẹ̀ ife. Ooru ti fi ìyára kún ìrìn ẹ̀rún, ó sì tún ń mú omi fúnra rẹ̀ yí po. Ohun tó ń dènà irú ìrìn yìí ni iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ dúró lé lórí: níbi tí ẹ̀kọ láfún bá bo aṣọ, ẹ̀rún aró kò ráyè wọ inú òwú, ibẹ̀ ló sì máa ń yọ funfun.

Ohun méjì ló ń pinnu dẹ́ńsítì: bí ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, àti bí wọ́n ṣe fún mọ́ra tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé èkejì. Ẹ wo wúrà àti òjé. Átọ́mù òjé, ìyẹn ẹ̀rún rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wúwo ju ti wúrà lọ, 207 sí 197 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn átọ́mù. Síbẹ̀ wúrà 1 cm³ jẹ́ gíráàmù 19.3, ti òjé kò sì ju 11.3 lọ. Átọ́mù wúrà fún mọ́ra débi pé mẹ́sàn-án rẹ̀ ń gba ibi tí márùn-ún ti òjé á gbà.

Ti yìnyín tilẹ̀ tún hàn kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹ̀rún kan náà ni òun àti omi. Píọ́ wọ́tà tí wọ́n bá gbé sínú fíríìsà á wú, ọ̀rá rẹ̀ á le; ìgò onígíláàsì tí omi kún dẹ́nu rẹ̀ á fọ́. Bí omi ṣe ń dì, mólíkù rẹ̀ á to ara wọn ní oníhà mẹ́fà, pẹ̀lú àyè láàárín. Omi 500 cm³ á di nǹkan bí 545 cm³. Ìwúwo rẹ̀ kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n dẹ́ńsítì rẹ̀ ti bọ́ láti 1.00 sí 0.92 g/cm³, ìyẹn ló fi ń léfòó. Àwọn nǹkan mìíràn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé tí epo pupa ń dì nínú kéègì, apá tó dì ló máa ń lọ sísàlẹ̀, torí ó kì ju èyí tó ṣì ń ṣàn lọ.

Láti wọn dẹ́ńsítì òkúta Abẹ́òkúta, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń po kọnkéré ti tó. Wọ́n á fọ eruku rẹ̀ kúrò, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á sì gbé e sórí síkéèlì kí ó tó kan omi ìdánwò. Ká ní ó jẹ́ 54 g. Wọ́n á bu omi dé 50 cm³ nínú sílíńdà ìwọ̀n (ife gígùn tó ní àmì ìwọ̀n lára), wọ́n á dẹ sílíńdà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí òkúta kọ̀ọ̀kan lè rọra yọ́ wọlé. Bí wọ́n bá jù ú sí i láti òkè, omi á ta jáde, ìsàlẹ̀ sílíńdà sì lè fọ́. Bí omi bá gòkè dé 70, àyè tí òkúta gbà jẹ́ 20 cm³. Ẹ fi 20 pín 54, ó di 2.7 g/cm³, bó ṣe yẹ kí gíránáìtì, irú òkúta yìí, rí.

Ojú omi nínú sílíńdà máa ń tẹ̀ kọdọrọ láàárín. Ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ yẹn ni wọ́n ń kà, ojú ẹni tó ń kà á sì gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á ka iye tó ju òótọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá so róró mọ́ òkúta náà á mú omi gòkè, ẹ mi sílíńdà díẹ̀ kí ó lè jáde. Ìdí pàtàkì sì wà tí òkúta fi gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá lo ẹyọ kan tó jẹ́ 13.5 g, 5 cm³ ló yẹ kó gbà. Bí ojú bá ṣì í kà ní 1 cm³ péré, ìdáhùn lè di 3.4 tàbí 2.25, èyí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe 1 cm³ yẹn kan náà lórí 20 kò ní ju 2.57 sí 2.84 lọ.

Ìgè igi tó ń léfòó, wọ́n á so irin mọ́ ọn kí ó lè rì, wọ́n á wá yọ àyè irin náà kúrò. Iyọ̀ ńkọ́? Á yòrò nínú omi. Karosíìnì ni wọ́n á lò dípò, torí iyọ̀ kì í yòrò nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìdáhùn ní kg/m³, 1,000 ni wọ́n á fi sọ ọ́ di púpọ̀: 2,700 kg/m³. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn típà kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní m³ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 1,500 kg ni. Ọ̀rọ̀ kóńgò gàrí ló tún dé yẹn: afẹ́fẹ́ wà láàárín.

Ohun tí dẹ́ńsítì rẹ̀ bá ju ti omi lọ á rì, èyí tí kò bá tó o á léfòó. Odidi rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àlùmíníọ̀mù jẹ́ 2.7, gẹ́lẹ́ bí òkúta, ṣùgbọ́n ìkòkò àlùmíníọ̀mù ń léfòó lójú odò nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ó parí.

Àwọn rẹ́wáyà ń fi èyí jẹun lójoojúmọ́. Gíláàsì tí wọ́n ń fi fa omi bátìrì mọ́tò ní ohun kan nínú tó ń léfòó. Bí bátìrì bá kún fún iná, dẹ́ńsítì omi ásíìdì rẹ̀ á tó 1.28, ohun náà á ga sókè. Bí iná ṣe ń tán, ásíìdì ń kúrò nínú omi lọ bá òjé inú bátìrì, omi náà á fúyẹ́ dé nǹkan bí 1.15, ohun tó ń léfòó á sì lọ sísàlẹ̀.

Gáàsì ìdáná ló sì yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ nǹkan bí 1.2 kg/m³. Nínú gáàsì inú sílíńdà, propane wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀, butane tó ìlọ́po méjì. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń bá lọ, á wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, á wọ gọ́tà, á sì dúró síbẹ̀. Ìrìn ẹ̀rún ló ń gbé díẹ̀ nínú òórùn tí wọ́n fi sí i wá sí imú, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, fèrèsé òkè nìkan kò tó. Ilẹ̀kùn tó kanlẹ̀ ni kí wọ́n ṣí gbayawu, kí wọ́n pa ẹnu sílíńdà, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ìtanná, yálà láti tàn án tàbí láti pa á, títí afẹ́fẹ́ á fi gbá a jáde.