Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Níbi Ìgbéyàwó: Ìgbà Wo Ló Di Ìyà fún Ẹṣin?

Ẹṣin funfun méjì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìyàwó tó gúnwà sínú rẹ̀ bí olorì: ó wu ojú lóòótọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àfẹ́sọ́nà ló máa ń ṣe kàyéfì bóyá ìyà ni àwọn fẹ́ fi jẹ ẹranko lọ́jọ́ ayọ̀ àwọn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè jù la dáhùn síbí.

Ìbéèrè: Ṣé ìwà ìkà ni pé ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́?

Fífà náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìkà. Ẹṣin tó lera lè fi agbára tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ fa nǹkan fún wákàtí mélòó kan láìpa á lára. Ẹ jẹ́ ká mú ẹṣin tó wúwo tó 600 kílò: 60 kílò ni agbára tó lè máa lò pẹ́. Ká ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ 500 kílò, kí ọkọ, ìyàwó, awakẹ̀kẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 300 kílò. Ó di 800. Lórí títì ọlọ́dà tó tẹ́jú, agbára bíi 16 kílò ló máa gbà kí kẹ̀kẹ́ yẹn tó máa yí lọ, torí pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ru ẹrù, ẹ̀yìn ẹṣin kọ́.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí òkè ń ṣe. Bí ọ̀nà bá ga ní mítà 5 láàárín 100 mítà, 40 kílò yóò kún 16, ó di 56, ẹṣin sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo agbára rẹ̀ tán. Bó bá ga ní mítà 8, ó di 80. Ẹṣin kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ fa èyí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Koríko tútù àti yanrìn lè sọ fífà di ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tẹ́jú. Dídúró àti gbígbéra léraléra náà ń mu agbára, torí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń gbéra ni fífà rẹ̀ le jù.

Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀: níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń ti ẹṣin. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì, ẹṣin sì gbọ́dọ̀ wọ awọ fífẹ̀ tó yí ìdí rẹ̀ po, èyí tó máa ń fi dá kẹ̀kẹ́ dúró. Awakẹ̀kẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà kó tó gba iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ iye owó lórí fóònù láìbéèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un.

Ìbéèrè: Bó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni ìyà náà wà?

Inú wákàtí tí ẹ̀yin kò rí ni. Ogún ìṣẹ́jú lẹ ó fi jókòó nínú kẹ̀kẹ́. Àmọ́ wọ́n ti jí ẹṣin láti àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti di irun ọrùn rẹ̀, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹṣin kì í sinmi nínú ọkọ̀ tó ń rìn. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń wá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe dúró déédéé. Bó bá débẹ̀, wọn á dì í mọ́ kẹ̀kẹ́, á wá máa dúró. Ayẹyẹ pẹ́, àwọn ayàwòrán pẹ́, oòrùn gòkè. Bí wọ́n bá tún ti gba iṣẹ́ mìíràn ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ ẹṣin lè di wákàtí méjìlá nítorí ogún ìṣẹ́jú yín àti ogún ìṣẹ́jú ẹlòmíràn.

Oúnjẹ ni wọ́n máa ń fojú fò jù. Ikùn ẹṣin ń sun omi kíkan láìdúró, bó jẹun bí kò jẹun. Bí kò bá rí koríko jẹ fún bíi wákàtí mẹ́fà, omi kíkan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ikùn rẹ̀, egbò sì lè débẹ̀. Nítorí náà, koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, kó sì tún wà níbi tó ti ń dúró. Omi náà ńkọ́? Ẹṣin ńlá lè mu 25 sí 50 lítà lóòjọ́, bí ooru bá sì mú, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi awakẹ̀kẹ́ pé garawa omi mélòó ló ń bọ̀. Bó bá ní òun yóò wá omi níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé omi wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìbéèrè: Ooru wo ló pọ̀ jù?

Ara ẹṣin kún fún ẹran líle tó ń mú ooru jáde bó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ kéré sí bí ó ṣe tóbi tó. Òógùn ló fi ń tu ara. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òógùn kò ní gbẹ, ara kò sì ní tutù. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti wo ìwọ̀n ooru nìkan.

Ní New York, òfin kò gbà kí ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ bí ooru bá ti dé 90°F, ìyẹn nǹkan bíi 32°C. Ní ọdún 2019, wọ́n fi kún un pé láti 80°F lọ sókè, kí wọ́n ro ìdá ọ̀rinrin mọ́ ooru, bí àròpọ̀ bá sì ti pé 150, kí iṣẹ́ dúró. Ẹ̀yin náà lè ṣe ìṣirò yìí lórí fóònù yín. Bí ooru bá jẹ́ 30°C, 86°F nìyẹn. Bí ọ̀rinrin bá jẹ́ 75, àpapọ̀ rẹ̀ di 161. Lọ́jọ́ náà, kí ẹṣin má jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tu ẹ̀yin lábẹ́ ibòji.

Bí ẹṣin bá ń mí pẹ̀lú ihò imú tó fẹ̀, tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dẹ́kun àtimáa làágùn nígbà tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má dúró de ìparí ayẹyẹ. Kí wọ́n tú u kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí wọ́n mú un lọ síbi tó ní ibòji àti afẹ́fẹ́, kí wọ́n máa da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró, kí wọ́n fún un lómi mu, kí wọ́n sì pe dókítà ẹranko. Àwọn kan gbà gbọ́ pé omi tútù lè pa ẹṣin tí ara rẹ̀ gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dídá omi dúró ló máa ń pa á.

Ìbéèrè: Ariwo àti èrò ńkọ́?

Ẹran tó máa ń sá ni ẹṣin. Ohun tí kò bá yé e, sísá ni ìdáhùn rẹ̀, bó bá sì sá, 500 kílò kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìyàwó nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká, àyàfi iwájú imú rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà. Awọ tí wọ́n ń fi bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ń dín ohun tó lè rí kù, àmọ́ kò dí etí rẹ̀. Bángà, ìbọn, dírónù tó ń fò lókè orí, bàlúùnù tó bẹ́, ìbòjú ìyàwó tí afẹ́fẹ́ gbé fẹ́: èyíkéyìí lè kó jìnnìjìnnì bá ẹṣin tí wọn ò tíì fi nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn án rí. Bí ìlù yóò bá wà, kí wọ́n ti fi ìlù kọ́ ẹṣin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bángà ní tirẹ̀ kò ṣeé fi ẹ̀kọ́ bò. Bẹ́ẹ bá fẹ́ ẹṣin, ẹ fi bángà sílẹ̀.

Ìlànà kan wà tí kì í yẹ̀. Awakẹ̀kẹ́ ló ń kọ́kọ́ gòkè, kó di okùn ìjánu mú, kí èrò tó wọlé. Nígbà tí ẹ bá dé, èrò ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, awakẹ̀kẹ́ ló ń kẹ́yìn. Olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúró síbi orí ẹṣin ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ ìjánu kúrò lẹ́nu ẹṣin nígbà tó ṣì wà lára kẹ̀kẹ́, torí bí ìjánu bá ti bọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a dúró mọ́, awọ tó ń bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ sì ti bá a lọ, kẹ̀kẹ́ tí kò rí tẹ́lẹ̀ á wá hàn án lójijì. Bẹ́ẹ bá rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló wá, tó ń dá darí ẹṣin, tó tún ń ran ìyàwó lọ́wọ́ láti gòkè, ẹ má wọ kẹ̀kẹ́ náà.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe lè mọ ẹṣin tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa?

Ẹ lọ síbùjẹ rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ wò ó kí wọ́n tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rí egungun ìhà rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó yẹ kí ẹ lè kà á. Ẹ fọwọ́ wo àyà, èjìká àti abẹ́ ikùn níbi tí awọ ìfà ń gbà: egbò, ibi tó wú, tàbí ibi tí irun ti re. Lára ẹṣin dúdú tàbí pupa, irun funfun tó hù ní abala kékeré níbẹ̀ lè jẹ́ àmì egbò àtijọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹran ìdí eyín rẹ̀ kí ẹ sì ká ọwọ́ kúrò. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n pààrọ̀ bàtà irin pátákò rẹ̀ kẹ́yìn. Ó yẹ kó má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ.

Ẹ ṣọ́ okùn kan ní pàtó: èyí tó ń so orí ẹṣin sókè kí ọrùn rẹ̀ lè tẹ̀ bí ọrun fún fọ́tò. Ẹṣin tí kò lè sọ orí kalẹ̀ kò lè fi ara rẹ̀ gun òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa dùn ún. Ẹ ní kí wọ́n tú u.

Ìbéèrè: Àwọn ìlú kan ti fòfin dè é. Ṣé kò yẹ ká fi sílẹ̀ pátápátá?

Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ gíga Mumbai kéde ní ọdún 2015 pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ìgbafẹ́ kò bófin mu; Montreal dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ìparí 2019, Chicago sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Èyí tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ láàárín ọkọ̀ àti èéfín. Ìrìn kúkúrú nínú ọgbà tí ọkọ̀ kò sí yàtọ̀ sí i. Àwọn kan ní kò tọ́ kí a sọ ẹ̀dá alààyè di ohun ọ̀ṣọ́, bó ti wù ká tọ́jú rẹ̀ tó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀ kò jayò pa, ọkọ̀ àtijọ́ tàbí kẹ̀kẹ́ oníná sì lè gbé ìyàwó dénú gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ kó wà nínú àdéhùn?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an lójú tiwa. Ẹ bi ara yín: bí ooru bá mú jù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ta ló máa pàdánù owó? Bó bá jẹ́ pé awakẹ̀kẹ́ kò ní gba nǹkan kan àyàfi tí ẹṣin bá rìn, ẹ ti sanwó fún un pé kó fojú fo àìsàn ẹṣin. Èèyàn rere pọ̀ tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti tì sí ìwà ìkà, torí oúnjẹ ẹṣin náà ń gba owó.

Ẹ kọ ọ́ síwèé pé awakẹ̀kẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró nígbàkígbà nítorí ẹṣin, àti pé ó kéré tán, owó ìrìn rẹ̀, owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ìdajì owó iṣẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru tí iṣẹ́ yóò ti dúró fúnra rẹ̀, iye èèyàn tí yóò wọ kẹ̀kẹ́, àti wákàtí tí ẹṣin kò ní dúró kọjá bí ayẹyẹ bá tilẹ̀ pẹ́. Kí ìnṣọ́ránsì tó bo èrò àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà sì wà. Ẹ fi ọkọ̀ kan pamọ́ sítòsí, pẹ̀lú dírẹ́bà tó mọ̀ pé wọ́n lè pè é.

Ìbéèrè: Ẹṣin ti dé, gbogbo èèyàn ń wò, ó sì kọ̀ kò rìn. Kí la ó ṣe?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé pàṣán. Kí awakẹ̀kẹ́ yẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá òkúta há sí pátákò tàbí bàtà irin ti yẹ̀, kó fọwọ́ wo abẹ́ gbogbo awọ bóyá ọ̀kan ti ká kò tó ń gún un. Bó bá ń fẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń yíjú wo ikùn ara rẹ̀, tàbí tó fẹ́ dùbúlẹ̀, inú rírun ni, ó sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀: kí wọ́n tú u, kí wọ́n kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí wọ́n pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ̀yin wọ ọkọ̀ tó ń dúró dè yín, kí awakẹ̀kẹ́ má bàa máa wo ojú yín nígbà tó yẹ kó máa wo ẹṣin.