Ṣé Lóòótọ́ Ni Ẹ̀rọ AED Lè Pa Ọmọdé?

Ọ̀pọ̀ òbí àti tíṣà ló gbà pé ẹ̀rọ AED, tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn, kò yẹ lára ọmọdé. Pé bí ẹni tí kì í ṣe dókítà bá ṣì í lò, iná á pa ọmọ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ọkàn wò. Bí páàdì méjèèjì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ alẹ̀mọ́ra tí iná ń gbà wọ ara, bá ti lẹ̀ mọ́ ara, á wo bí ọkàn ṣe ń ṣe. Bí kò bá rí ohun tí iná lè wò sàn, kò ní tu iná jáde, bó ti wù kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó.

Ohun tó ń wá ni ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì láìlétò, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ mọ́. Iná náà ló ń pa gbígbọ̀n yẹn rẹ́, kí ọkàn lè padà sí ìlù tirẹ̀. Bí ọkàn bá ti dákẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ á ní kí ẹ máa tẹ àyà lọ.

Ní 2011, ọkàn Oliver King, ọmọ ọdún 12, dáṣẹ́ dúró lójijì nígbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwé rẹ̀ ní Liverpool, ó sì kú. Lẹ́yìn ìpolongo ọlọ́dún gbọọrọ tí bàbá rẹ̀ ṣe, ìjọba pín AED tó lé ní 20,000 fún àwọn ilé-ìwé ìjọba ní England, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2023. Ìbẹ̀rù ló kù tí kò jẹ́ kí àwọn èèyàn gbé e lò.

Bí ọmọ bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan pe 999 (nọ́ńbà pàjáwìrì ní UK), kí ẹlòmíì sáré lọ gbé AED. Ó lè máa la ẹnu fa èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ibẹ̀ ló ti ń tan àwọn èèyàn jẹ, ìyẹn kì í ṣe mímí. Ẹ fẹ́ èémí 5 sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ẹ tẹ àyà nígbà 30, ẹ fẹ́ èémí 2, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Kí ìtẹ̀ náà jẹ́ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó sì wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta àyà.

Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ nu omi ara rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tó kílò 25, páàdì kan á wà láàárín àyà, èkejì á wà lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Bí kò bá sí páàdì ọmọdé, ẹ lo ti àgbà. Kí wọ́n má ṣáà kan ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò tàbí tó bá fẹ́ tu iná. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí títẹ àyà lójú ẹsẹ̀.

Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí iná yìí máa ń dín àǹfààní àtiyè kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ má ti AED mọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá, pàápàá ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ọ̀gá kì í wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ máa wo iná àyẹ̀wò ara rẹ̀, àti ọjọ́ tí páàdì máa parí: bí oje ara páàdì bá ti gbẹ, kò ní lẹ̀ mọ́ ara.